Ta Ni Ó Ni Orin Yìí?

Bí bàbá bá kú, tí àwọn ọmọ pé jọ láti pín ogún, wọn á jà nítorí ilé, wọn á jà nítorí ilẹ̀, wọn á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fa agbádá òkú ya mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àpótí àwo orin tí bàbá kó sí ẹ̀gbẹ́ gíramafóònù rẹ̀ ńkọ́? Kò sẹ́ni tí í jà sí i. Wọn á tì í sábẹ́ àtẹ̀gùn, adìẹ á máa sùn lé e lórí, òjò á máa ta sí i, títí ẹni tí ń ra àlòkù kiri àdúgbò yóò fi wá san owó táṣẹ́rẹ́, tí yóò gbé e lọ. Àwọn ọmọ á ní àwọ́n bọ́ lọ́wọ́ ìdọ̀tí.

Ọ̀dọ̀ ẹni tó bá ra àpótí náà nígbẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti bẹ̀rẹ̀. Ó délé, ó fi aṣọ rírọ̀ nu àwo kan, ó gbé e lé ẹ̀rọ, ó sọ abẹ́rẹ́ lé e. Ariwo kọ́kọ́ jáde, ṣààà, bí ẹni ń dín àkàrà. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọkùnrin kan là á kọjá. Orin náà wọ̀ ọ́ lára. Ó bẹ̀rẹ̀ kí ó wo ẹni tó kọ ọ́. Bébà róbótó àárín àwo ti bó. Bí kì í bá ṣe pé ikán jẹ ẹ́, omi ló fọ̀ ọ́, tàbí kí ọmọdé kan ti fi ìṣó họ ọ́ nígbà kan. Ohùn èèyàn ń bẹ níwájú rẹ̀ kedere, ó tilẹ̀ ń gbọ́ bí ó ṣe ń mí, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó ni ohùn kò sí.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìbéèrè mi rèé: ṣé ẹni tó gbọ́ orin yìí jẹ ẹni tó kọ ọ́ ní gbèsè kankan?

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní kò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀. Wọ́n á ní olórin ti kú, onílù ti kú, ilé iṣẹ́ tó tẹ àwo náà ti kógbá wọlé. Orin ló kù, orin sì dùn, ẹ jẹ́ á jó. Mo mọ àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀, èèyàn dáadáa ni wọ́n, wọ́n sì fẹ́ràn orin jù mí lọ. Èmi ò gbà pẹ̀lú wọn ni.

Ìdí tí n kò fi gbà ni pé nínú orin tiwa, orúkọ kì í ṣe ohun tí a lẹ̀ mọ́ orin lára. Orúkọ ló pọ̀ jù nínú orin fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí àwo sákárà tàbí àpàlà: olórin á dárúkọ ara rẹ̀, á sọ ọmọ ẹni tí òun ń ṣe, á ki ẹni tó pè é sóde, á ki ìyàwó onítọ̀hún, á dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ tó dá aṣọ, á sọ àdúgbò tí wọ́n ń gbé àti ọjà tí wọ́n ń tà. Òyìnbó tó ń ra àwo wa lówó gọbọi á mọ nọ́ńbà àwo lórí bí ẹni mọ orúkọ ọmọ rẹ̀, á mọ àwọ̀ bébà rẹ̀, á mọ ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń wá kiri nínú ìwé, olórin ti ń ké e sí i létí láti ìgbà tó ti sọ abẹ́rẹ́. Èdè ni kò gbọ́. Kí á má sì fi Òyìnbó rẹ́rìn-ín o. Àwọn ọmọ tí a bí sí Èkó, tí a fi Gẹ̀ẹ́sì wo dàgbà, wọn ò gbọ́ ọ náà mọ́. Wọ́n á ní "àwọn bàbá yìí ń pariwo."

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó ni àwo, ó ní bó ṣe ń ṣe é, iṣẹ́ ọlọ́pàá ni díẹ̀. Á kọ́kọ́ wo àwo fúnra rẹ̀. Bí ó bá wúwo, tó jẹ́ pé bí ó bá já bọ́ á fọ́ bí àwo ìjẹun, ṣẹ́láàkì ni, àwo ayé àtijọ́ tó ń yí ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, tí ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kì í gbà ju orin ìṣẹ́jú 3 tàbí díẹ̀ lé lọ. Bí ó bá ń tẹ̀ díẹ̀ tí kò fọ́, ti ẹ̀yìn ìgbà náà ni, èyí tó tóbi nínú wọn sì lè gba ìṣẹ́jú 20 ní ojú kan, tí olórin á fi ráyè ki gbogbo ìdílé tán. Lẹ́yìn èyí, á gbé àwo síbi ìmọ́lẹ̀, á wo ibi tí ìlà orin ti parí kí bébà tó bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ máa ń fi nọ́ńbà wẹ́wẹ́ sí. Bébà lè bó. Nọ́ńbà yẹn kì í bó.

Lẹ́yìn ojú, etí ló kàn. Gòjé tó ń sunkún lórí ìlù sákárà, ìlù pẹlẹbẹ tí a fi amọ̀ ṣe ara rẹ̀: orin sákárà nìyẹn. Agídìgbo tó ń dún kíkan lábẹ́, tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dá a lóhùn: ẹ máa ronú àpàlà. Bí ó bá jẹ́ gìtá kan ṣoṣo pẹ̀lú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù jùjú, tí kò sí gángan níbẹ̀ rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ jùjú ayé Túndé King, nítorí lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni gángan tó wọ inú jùjú. Ẹ gbọ́ ahọ́n olórin pẹ̀lú: Ìjẹ̀bú kò lè fi ahọ́n rẹ̀ pa mọ́ títí orin á fi tán, bẹ́ẹ̀ ni Ẹ̀gbá, bẹ́ẹ̀ ni Èkìtì. Ọ̀pọ̀ àwo wa ni kò ní ọdún lára, ṣùgbọ́n orin máa ń tú ọdún ara rẹ̀ fó. Bí olórin bá ń kìlọ̀ fún awakọ̀ pé apá ọ̀tún ni kí wọ́n máa gbà, a mọ̀ pé oṣù kẹrin ọdún 1972 ni a yí i padà. Bí ó bá ń ṣàlàyé náírà àti kọ́bọ̀ fún ìyá ọlọ́jà tí ṣílè àti pọ́n-ún ṣì wà lọ́kàn rẹ̀, a ti dé 1973. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ owó Udoji, ẹ fi ọdún kan tàbí méjì kún un.

Ìlù ńkọ́? Níbi tí ohùn bá ti dákẹ́, ẹ má gbé abẹ́rẹ́ kúrò. Gángan ṣì ń sọ̀rọ̀. Mo ti rí àwọn tó ti mọ orin kan lórí láti ìgbà èwe, tí wọn ò mọ̀ pé orúkọ tí wọ́n ń wá, ìlù ló ń pè é ní gbogbo ibi tí wọ́n rò pé ìjó nìkan ló wà.

Síbẹ̀, gbogbo èyí kò tó ìyá arúgbó kan. Ẹ wá ìyá tó ti lé ní ọmọ ọdún 80, tó tajà nígbà ayé rẹ̀, tó dá aṣọ ẹgbẹ́, tó ná owó fún olórin lójú agbo. Ẹ gbé àwo sí i létí. Kó tó di pé olórin la ẹnu, á ti máa mi orí. Ó sì lè sọ pé, "Rárá o, èyí kì í ṣe ọ̀gá yẹn. Ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ ni. Ọ̀gá kì í fa ohùn báyìí." Gbólóhùn yẹn kò sí nínú ìwé kankan. Bó bá sì di ọ̀la, bí ìyá bá lọ, kò ní sí níbòmíì. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bínú sí àwọn tó ń kó àwo jọ, tí wọ́n ra ẹ̀rọ olówó ńlá, tí wọ́n ra páálí tó ń lé eruku, tí wọn ò jókòó ti arúgbó rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Ẹni tó ń ta àwo gbọ́ gòjé, kò wádìí, ó fi bírò kọ "Yusuf Ọlátúnjí" sára páálí. Ó gbọ́ agídìgbo, ó kọ "Haruna Iṣọ̀lá". Nígbà míì owó ló ń wá, nítorí orúkọ ńlá ló ń tà. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ìfẹ́ ló ń pa á: ó fẹ́ kí àwo ọwọ́ òun jẹ́ ti ọ̀gá. Ẹ wò ó dáadáa. Yusuf Ọlátúnjí, Baba Lẹ́gbà, tó kú ní 1978, kò ṣaláìní àwo. Òun fúnra rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ Abíbù Olúwa kí ó tó dá dúró, tí ó fi jẹ́ pé àwo sákárà tó bá ti pẹ́ gan-an, ó yẹ kí á rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí á tó sọ pé ti ọ̀gá ni tàbí ti ọmọ ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà ní ìlú kan, tí kò ṣe ju àwo méjì lọ láyé rẹ̀, bóyá owó tí ìyàwó rẹ̀ dá ní èésú ló fi wọkọ̀ dé Èkó. Ọ̀kan nínú méjèèjì fọ́. Ìkejì rèé, a mú un, a fi kún ti ẹni tó ní ọgọ́rùn-ún. A gba ọmọ kan ṣoṣo lọ́wọ́ tálákà, a fi ta olówó lọ́rẹ.

Mo gbà pé kí á kọ "a kò mọ̀" sára àwo sàn ju kí á kọ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Àyè tó ṣófo á máa bi gbogbo ẹni tó bá rí i léèrè, títí ẹnì kan á fi dáhùn. Àyè tí a ti fi irọ́ dí kì í bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan mọ́. Ẹlòmíì ní èsì sí èyí, èsì náà sì lágbára. Ó ní, bí kò bá sí orúkọ ńlá yẹn, ta ni ì bá ra àwo náà? Ṣebí abẹ́ àtẹ̀gùn ni ì bá wà títí á fi jẹrà? Irọ́ ló gba ẹ̀mí orin là. Ó ṣòro láti já èsì yẹn sí òfo pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Haruna Iṣọ̀lá alára. Ní 1948 ó ṣe àwo kan fún ilé iṣẹ́ tó ń ya ajá tó ń tẹ́tí sí gíramafóònù sára àwo wọn. Orímọlúsì Ìjẹ̀bú-Igbó ló kì níbẹ̀. Àwo náà kò tà. Lẹ́yìn ikú ọba náà, ó tún orin náà ṣe, ìgbà yẹn ni gbogbo ayé wá ń ra á. Olórin kan náà, ọba kan náà. Etí àwọn èèyàn ni kò tíì ṣí tẹ́lẹ̀. Kò yá orúkọ ẹnikẹ́ni kí orin rẹ̀ tó tà.

Kí á tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n fi ẹjọ́ kékeré kan sun yín. Kódà níbi tí bébà àwo bá ti pé pérépéré, orúkọ ọ̀gá nìkan ló máa ń wà níbẹ̀, "lágbájá àti ẹgbẹ́ rẹ̀". Ta ni ẹgbẹ́ rẹ̀? Ta ni ẹni tó ń gbe orin, tí ohùn rẹ̀ dùn ju ti ọ̀gá lọ? A mọ Adéwọlé Onílùọlá nítorí pé Àyìnlá Ọmọwúrà kò lè ṣe kí ó má pè é, ìlù rẹ̀ ló sì ṣe ìdajì orin náà. Onílù mìíràn kò ní ọ̀gá tó lawọ́ bẹ́ẹ̀. Tí a bá ń sọ pé a fẹ́ dá orúkọ padà fún ẹni tó ni ín, ẹ jẹ́ kí á bi arúgbó wa nípa onílù náà, kí a má kàn bi í nípa ẹni tó ń kọrin níwájú.

Ó dùn mọ́ni bí a bá rí ẹni náà lójú ayé. Túndé King tó ṣe àwo fún Parlophone láti 1936, tí orúkọ rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu bí a bá ń sọ ìtàn jùjú, ó fi Èkó sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń bá ọkọ̀ ojú omi ṣiṣẹ́. Ọdún 1954 ló padà wálé. Fátáì Rolling Dollar, tí Ebenezer Obey ti wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà èwe, àwọn èèyàn gbàgbé rẹ̀ pátápátá, ó di arúgbó, ó sì tún jáde ní àwọn ọdún 2000, ó gbé gìtá, àwọn ọmọdé ń jó sí i, títí ó fi kú ní 2013. Orlando Julius, tó ṣe "Super Afro Soul" ní 1966, àwọn ará òkè òkun tún àwo rẹ̀ tẹ̀, wọ́n wá a rí, ó sì bá wọn ṣe àwo tuntun ní 2014. Ó jẹun níbẹ̀ kí ó tó kú ní 2022. Ìyẹn ló yẹ kí ó máa ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí a wá rí tí kò fẹ́ kí a rí òun ńkọ́? William Onyeabor ní Enugu ni mo ń rántí. Ó ṣe àwo láti apá ìparí àwọn ọdún 1970 dé 1985, ó wá fi orin ayé sílẹ̀, ó di onígbàgbọ́ paraku. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Luaka Bop ní Amẹ́ríkà kó àwọn orin rẹ̀ jọ ní 2013, ohun tí wọ́n kọ sára àwo náà ni ìbéèrè: ta ni William Onyeabor? Òun alára kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìgbà yẹn. Ó kú ní 2017, ó sì gbé ọ̀pọ̀ ìdáhùn lọ. Àwọn kan bínú sí i, bí ẹni pé ó fi ohun tí wọ́n ní sínú àpò rẹ̀. Kí ló jẹ wọ́n? Orin tó tẹ̀ jáde, ó ti fi fún wa nígbà tó tà á. Ẹnu rẹ̀ kò sí nínú ọjà náà. Ẹ dárúkọ rẹ̀, ẹ san owó rẹ̀ fún un, ẹ fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ó tún wá ku orin èébú. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ pé àwọn olórin wa máa ń fi àwo bá ara wọn jà. Àyìnlá Ọmọwúrà kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ sí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe orin. Ti ọ̀gá sí ọ̀gá kò burú, àwọn méjèèjì ní àwo tí wọ́n lè fi fèsì. Àmọ́ nígbà míì, ìyàwó ilé kan lásán ni olórin bú, tàbí oníṣòwò kan tí kò fún un lówó lóde. Àádọ́ta ọdún ti kọjá, ilẹ̀ ti bo ọ̀rọ̀ náà, ọmọ ọmọ ìyàwó yẹn ń kọ́ ọmọ ní ilé ìwé. Ẹnì kan wá hú àwo náà jáde, ó ń gbé e sáfẹ́fẹ́. Òtítọ́ tí mò ń béèrè fún olórin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti tún obìnrin náà bú lẹ́ẹ̀kejì. Mo fẹ́ kí wọ́n tọ́jú àwo náà, kí wọ́n kọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, kí àwọn tó ń kọ ìtàn rí i kà. Kí wọ́n má tà á ní ìgboro.

Ní ti owó, òfin ti sọ tirẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti 2022 ní Nàìjíríà fún ẹni tó kọ orin ní ọdún 70 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó sì fún ohùn tí a gbà sórí àwo ní ọdún 50. Oníṣòwò tó mọ ìṣirò á ní àwo 1970 ti bọ́, kò sí ẹni tó lè mú òun. Ó lè jàre ní kóòtù ní ti ohùn náà. Ṣùgbọ́n orin tí ohùn náà ń kọ ńkọ́? Láti ka ọdún 70 lẹ́yìn ikú ẹnì kan, ẹ ní láti kọ́kọ́ mọ ẹni náà.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ tún àwo aláìlórúkọ tẹ̀ jáde lónìí, ohun tí mo fẹ́ kí ó ṣe kò le. Kí ó ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú èrè. Kí ó kọ sẹ́yìn páálí pé a kò mọ olórin yìí, gòjé ló wà níbẹ̀, ahọ́n Ẹ̀gbá ló fi kọrin, nọ́ńbà báyìí ló wà lára àwo. Lẹ́yìn náà kí ó tẹ orúkọ gbogbo àwọn tí olórin náà kì, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ó ṣe pè wọ́n, pẹ̀lú àdúgbò wọn. Àwọn yẹn ní ọmọ. Kí ó gbé orin náà fún rédíò, kí wọ́n lù ú láàárọ̀ Sátidé nígbà tí gbogbo èèyàn ń fọṣọ, kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sì bèèrè pé ta ló mọ̀ ọ́n. Obìnrin kan lè wà ní Ṣómólú tó máa gbọ́ orúkọ ìyá bàbá rẹ̀, tó máa ju aṣọ sínú omi ọṣẹ, tó máa gba fóònù ọmọ rẹ̀ pe ilé iṣẹ́ rédíò: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìyá bàbá mi ni wọ́n ń kì yẹn. Olórin yẹn, ilé wa ní Abẹ́òkúta ló máa ń sùn sí tó bá wá ṣeré. Ọmọ ẹ̀ kan ṣì wà níbẹ̀, ó ń ṣe télọ̀."